Oúnjẹ kò yí jíìnì eku yẹn padà

Àwòrán eku méjì kan wà tí ẹ pín, ọ̀kan sanra, ó pọ́n bí ìyeyè, èkejì tín-ín-rín, ó ní àwọ̀ ilẹ̀: òótọ́ ni àwòrán náà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ sí i, pé "oúnjẹ ìyá yí jíìnì ọmọ padà", kò rí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́tà DNA wọn, ìyẹn àṣẹ àjogúnbá tí a kọ sínú ara, kò yí. Àwọn eku yìí jogún ègé DNA kan níwájú agouti, jíìnì tó ń darí àwọ̀ irun; ègé náà ń mú jíìnì yìí ṣiṣẹ́ láìdáwọ́ dúró, eku á pọ́n, á sì sanra. Bí methyl, èròjà kékeré kan tó ń lẹ̀ mọ́ DNA láì yí lẹ́tà rẹ̀, bá bo ègé náà, ọwọ́ jíìnì á rọlẹ̀, irun á ní àwọ̀ ilẹ̀. Fítámì fólíìkì ásíìdì àti B12 tí ìyá ń jẹ kí ó tó lóyún àti nínú oyún wà lára ohun tó fi kún ìbòrí yẹn. Síbẹ̀, ọmọ ìyá kan náà, oúnjẹ kan náà, àwọ̀ wọn ṣì ń yàtọ̀!

Eku lásán kò tilẹ̀ ní ègé yìí. Ẹ wò ó nínú iṣẹ́ àwọn olùwádìí Waterland àti Jirtle, ọdún 2003, nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Molecular and Cellular Biology.