Ọgbọ́n òwò nílé ìwòsàn kì í ṣe owó gọbọi

Bí ẹnikẹ́ni bá dá a lábàá ní Iléṣà níbí pé kí ọsibítù kọ́gbọ́n lára àwọn oníṣòwò, èsì tó máa kọ́kọ́ gbọ́ ni pé: "Ẹ fẹ́ sọ dókítà di òṣómàáló nìyẹn!" Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó mọ bí àwọn baba wa ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó aṣọ á fi jáde mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀fẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́ ni pé bí òwò bá ti gba ẹnu ọ̀nà ọsibítù wọlé, àánú á gba ojú fèrèsé jáde.

Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán. Àwọn ilé ìwòsàn kan wà tí wọn ò ní fọwọ́ kan aláìsàn àfi tí owó bá ti wọ àkáǹtì wọn. Ṣùgbọ́n ta ló sọ pé owó gbígbà nìkan ni òwò? Bí a ṣe ń to iṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀: ta ló ń ṣe kí ni, ibo ni irinṣẹ́ wà, ibo ni àkókò ń ṣòfò sí. Apá yìí ló ń dín owó kù.

Ní 1976, lẹ́yìn tí Dókítà Govindappa Venkataswamy fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Íńdíà, ó ṣí ilé ìwòsàn ojú tó ń jẹ́ Aravind sí ìlú Madurai, bẹ́ẹ̀dì 11 péré. Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé McDonald's, àwọn olóúnjẹ, ló ń wò ṣe àwòkọ́ṣe! Ní tíátà wọn, tábìlì méjì ló wà fún dókítà kan. Bó ṣe ń yọ kataráàkì, ìyẹn ohun tó ń mú ojú ṣe bàìbàì, lójú ẹnì kan, àwọn nọ́ọ̀sì ti tọ́jú ẹni tó kàn, wọ́n ti da aṣọ bò ó, irinṣẹ́ ti wà ní títò. Dókítà á kàn yí sọ́dọ̀ onítọ̀hún ni, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Lẹ́ńsì tí wọ́n ń fi sójú, òkè òkun ló ti ń wá ní nǹkan bí 100 dọ́là. Ní 1992 wọ́n dá ilé iṣẹ́ lẹ́ńsì tiwọn sílẹ̀, iye náà sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 10. Nínú owó tí olówó ń san ni wọ́n ti ń wo tálákà lọ́fẹ̀ẹ́.

Bí Íńdíà bá jìn lójú yín, ṣé ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà níbí náà jìn? Ibẹ̀ ni Dókítà David Morley ti ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 1956, Ìmẹ̀sí-Ilé ló sì ti gbé káàdì ìwọ̀n ọmọ jáde. Bí ìlà orí káàdì bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bó bá dúró sójú kan, nọ́ọ̀sì ti fura kó tó di àìsàn ńlá. Ọwọ́ ìyá ni káàdì ń gbé, bí alájọ ṣe ń fi tiẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń dájọ. (Mi ò ní ọ̀dọ̀ alájọ ló ti rí i o.) Wíwá fáìlì nínú eruku dópin. Ayé gbogbo ló gbà á lò.

Ọ̀dọ̀ àwọn awakọ̀ bàlúù ni tíátà ti yá ìwé àyẹ̀wò: kí wọ́n tó fi abẹ kan ara, ẹnì kan á ké e síta, orúkọ aláìsàn, apá ibi tí wọ́n fẹ́ là, kí aláìsàn tó kúrò ní tíátà, wọ́n á ka irinṣẹ́. Wọ́n dán an wò ní ìlú 8, Ifakara ní Tanzania wà lára wọn. Èsì tó jáde ní 2009 ni pé ikú wálẹ̀ láti 1.5 nínú 100 sí 0.8. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di dandan ní ọsibítù 101 ní Ontario, ní Kánádà, ìwádìí 2014 kò rí ìyàtọ̀ gidi. Lójú tèmi, bírò ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹnu ò sọ̀rọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú níbí kò nílò owó ìjọba. Kó tẹ̀lé aláìsàn kan láti géètì: ibi káàdì, ọ̀dọ̀ dókítà, ibi ìsanwó, padà wá fi rìsíìtì hàn, láàbù, ibi ìsanwó lẹ́ẹ̀kan sí i, ilé oògùn. Kó máa wo aago, kó máa kọ ọ́. Irú èyí ni ọsibítù Virginia Mason ní Seattle lọ kọ́ lọ́dọ̀ àwọn Toyota ní Japan ní 2002. Ìwé yẹn ni kó gbé síwájú ọ̀gá àgbà kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ owó.