Ta ló kọ́kọ́ dé, Ìtokò ni àbí Ẹ̀gbá?

Ọmọ Ìtokò: Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ bá mi dá sí i. Kí Ẹ̀gbá tó bá Ṣódẹkẹ́ dé ní 1830, Ìtokò ti wà nítòsí àpáta Olúmọ. Adágbà ọmọ Ìtokò ló ń dáko níbẹ̀, ni wọ́n ṣe ń pe ibẹ̀ ní Oko Adágbà. Báwo ni abúlé onílẹ̀ ṣe wá di àdúgbò lásán? Ta ló sì gbọ́ ìtàn orúkọ Ìtokò lẹ́nu àgbà?

Ìyá Aládìrẹ: Ìtòkú la ti ń ra àdìrẹ o, ẹ má ṣi àwọn èèyàn lọ́nà.

Ọmọ Ìtokò: Màmá, Ìtokò ni mo kọ.

Ọmọ Kẹ́mta: Onílẹ̀ kẹ̀? Aké, Ìjemọ̀, Ìporò, Kẹ́mta, inú igbó Ẹ̀gbá la ti kó gbogbo orúkọ yẹn wá nígbà tí ogun fọ́ ìlú wa. Ẹ̀gbá ló ni Abẹ́òkúta!

Ará Ìbàrà: Rọra o. Àwa Ìbàrà kì í ṣe Ẹ̀gbá, Yewa ni wá, a sì ní Olúbàrà tiwa.

Ọmọ Kẹ́mta: Yewa wo? Ẹ̀gbádò lẹ̀ ń jẹ́ títí di 1995. Inú orúkọ yẹn gan-an, Ẹ̀gbá wà ńbẹ̀.

Ará Ìbàrà: Ìdí tá a fi pa á dà nìyẹn, ọ̀gbẹ́ni!

Àbíkẹ́: Ẹ ti lọ wo abẹ́ Olúmọ rí? Ihò tí àwọn ìyá ń lọ ata sí nígbà ogun ṣì wà lára àpáta, ó ń dán bí inú àwo.

Ọmọ Òwu: Ní 1834 táwa dé, ariwo yìí náà la bá lẹ́nu yín.

Gbágùúrá Kan: Tó bá jẹ́ ti ẹni tó kọ́kọ́ dé, ẹ jẹ́ ká lọ gba Ìbàdàn padà, tiwa Ẹ̀gbá Gbágùúrá ni tẹ́lẹ̀.

Mọ̀kọ́lá: Àwa ará Ìbàdàn ń retí yín, ẹ máa bọ̀. Àmàlà dúdú ti wà lórí iná.

Gbágùúrá Kan: Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Láfún la máa gbé dání.

Ọmọ Kẹ́mta: Ẹ̀GBÁ LÓ NI ABẸ́ÒKÚTA!!!

Ará Ìbàrà: Tó o bá ti wọ Pansẹ́kẹ́, máa rántí ilẹ̀ ẹni tó o tẹ̀.

Ọmọ Kẹ́mta: Ilẹ̀ tí mo fowó mi wọ kẹ̀kẹ́ dé?

Mọ̀kọ́lá: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní láfún, èwo lẹ fi ń jẹ ẹ́, ewédú àbí ilá?