Ata Kọ́ Ni Ìṣòro Àlejò Tí Ó Jókòó Sídìí Oúnjẹ Wa

Láìpẹ́ yìí ni Àlhájì kan pè mí pé kí n wá se oúnjẹ fún àwọn àlejò tí ọmọ rẹ̀ ń mú bọ̀ wá sí Ìlọrin láti Jámánì. Kí n tó béèrè iye ènìyàn tí wọ́n jẹ́, ó ti ń pàṣẹ fún mi: "Alhaja, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu o. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìẹ díndín àti sàláàdì ti tó wọn. Oúnjẹ tiwa, ata ni gbogbo rẹ̀, àwọn òyìnbó ò lè jẹ ẹ́." Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí pé àgbà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti sú mi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ìyá ìyàwó, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń bójú tó ilé ìtura, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu olùkọ́ yunifásítì tí ó yẹ kí ó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ ọ́ níṣojú mi nípa àwọn àgùnbánirọ̀ tí wọ́n ti Ẹnúgu wá, bí ẹni pé wọn kì í ta ata lọ́jà Ẹnúgu.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó wà nínú abọ́ gan-an. Èlùbọ́ àti omi gbígbóná ni àmàlà, kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Iṣu nìkan ni iyán. Ìrẹsì tàbí àgbàdo ni tùwó tí àwa ará Ìlọrin fẹ́ràn. Ẹ̀kọ, màsà, dùńdú, dòdò, ọ̀dùnkún tí a mọ Ọ̀fà mọ́, wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri, kò sí èyí tí ó nílò ata nínú wọn. Ewédú kò ju ewé, omi, kán-ún díẹ̀, iyọ̀ àti irú lọ. Àwọn kan máa ń fi ata sí gbẹ̀gìrì, ṣùgbọ́n ẹ̀wà ni gbẹ̀gìrì, alásè tí kò bá sì fi ata sí i kò ba nǹkan kan jẹ́. Lúrú pàápàá, tí a fi ewé oṣè gbígbẹ sè, ìwọ̀n ata tí alásè bá fẹ́ ni yóò gbà.

Ibo wá ni ata wà? Inú ọbẹ̀ ata ni. Ẹni tí ó bá ti dúró rí níwájú alámàlà ní ìgboro Ìlọrin yóò ti rí i pé ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń bu àbùlà: gbẹ̀gìrì nínú èyí, ewédú nínú ìyẹn, ọbẹ̀ ata nínú ẹ̀kẹta. Ìpọnbẹ̀ ni wọ́n fi ń wọn ata náà lé e lórí lójú oníbàárà, ẹni tí ó bá sì ní kí wọ́n má fi ata sí tòun, wọn kò ní fi sí i. Mi ò mọ oúnjẹ àsè mìíràn tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ láti yọ ata kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí Àlhájì yàn fún àwọn àlejò rẹ̀ kí ata má baà yọ wọ́n lẹ́nu, inú ata lílọ̀ gan-an ni a ti sè é. Ata ti wọ hóró kọ̀ọ̀kan kí ó tó dé orí tábìlì, kò sì sí ẹni tí ó lè ṣà á kúrò mọ́. Oúnjẹ tí ata rẹ̀ kò ṣeé yà sọ́tọ̀ ni a ń gbé fún àlejò, tí a sì ń fi èyí tí ata rẹ̀ wà nínú ìkòkò tirẹ̀ pamọ́ fún un. Bí mo ṣe ṣàlàyé èyí tó fún àwọn oníbàárà mi, ìrẹsì náà ni wọ́n ṣì máa ń padà sí.

Àwọ̀ tún ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n rí ọbẹ̀ tí ó pọ́n, wọ́n ti gbà pé ó ta. Mo lè se ọbẹ̀ tí ó pọ́n dẹ̀dẹ̀ láti inú tàtàsé, tòmátì àti àlùbọ́sà, kí ọmọ ọdún mẹ́ta sì fi jẹ iyán láìbéèrè omi. Ní ọdún 1912 ni Wilbur Scoville, apòògùn ará Amẹ́ríkà, gbé ìwọ̀n kan kalẹ̀ tí a ṣì fi ń mọ bí ata ṣe ta tó títí di òní. Lórí ìwọ̀n náà, ata rodo àti àwọn ìbátan rẹ̀ wà láàárín 100,000 sí 350,000, ata jalapeño tí àwọn ará Mẹ́síkò ń jẹ wà láàárín 2,500 sí 8,000, nígbà tí tàtàsé wà nísàlẹ̀ pátápátá. Alásè tí ó bá pa rodo tì, tí ó sì lo tàtàsé, ti yanjú ọ̀rọ̀ náà kí ó tó dáná. Bí ó bá jẹ́ pé òórùn rodo ni ó ń wù ú, ọ̀nà wà fún ìyẹn náà. Kì í ṣe inú kóró ni oró ata pọ̀ sí gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò, inú awọ funfun tí kóró so mọ́ ni. Bí mo bá la rodo, tí mo fi ẹnu ọ̀bẹ ha awọ náà kúrò, òórùn dídùn rẹ̀ yóò ṣẹ́kù, títa rẹ̀ yóò sì dín kù gidigidi. Nígbà mìíràn, odindi rodo tí kò ya ni mo máa ń jù sínú ọbẹ̀ tí ó ń hó, tí n ó sì yọ ọ́ jáde kí ó tó bẹ́. Àwọn ìyá wa ti ń ṣe báyìí fún aláìsàn àti ọmọdé láti ìgbà tí mo ti dáyé, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé ohun tí wọ́n sè kì í ṣe oúnjẹ Yorùbá.

Àwọn tí ń sọ pé a bí ata mọ́ wa, tí a kò sì bí i mọ́ àlejò, kí wọ́n lọ wo ọmọ tí ó kọ́kọ́ fẹnu kan ọbẹ̀ ata nílé wọn, kí wọ́n wò ó bóyá kò sunkún. Capsaicin ni orúkọ èròjà tí ó ń mú kí ata ta. Òun ni David Julius, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Amẹ́ríkà, lò nígbà tí òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi rí ohun tí ó ń gba ìmọ̀lára ooru nínú iṣan ara wa ní 1997, iṣẹ́ náà sì wà lára ohun tí ó mú kí òun àti Ardem Patapoutian pín ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Ohun kan náà tí ó ń kìlọ̀ fún wa nígbà tí ooru bá ti kọjá nǹkan bí ìwọ̀n 43 Celsius ni ata ń jí. Ìdí nìyẹn tí ẹnu fi ń jó bẹ́ẹ̀ tí kò sì jóná. Ohun náà máa ń rọlẹ̀ bí ata bá ń bá a déédéé, ibẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ahọ́n tèmi àti ti ará Jámánì ti wá. Capsaicin kì í yòrò nínú omi. Inú epo ni ó ti ń yòrò, ohun tí ó wà nínú mílíìkì a sì máa gbé e kúrò lórí ahọ́n. Nítorí náà ni omi tútù tí a sáré gbé fún àlejò tí ata mú kò ṣe é láǹfààní. Ìlú wàrà ni Ìlọrin, ẹ gbé wàrà tàbí nónò tútù fún un!

Bí ó bá sì jẹ́ ti ìtàn, ata tí a ń pè ní tiwa yìí, àlejò ni òun náà. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni rodo, ṣọ̀ǹbọ̀ àti tàtàsé ti ṣẹ̀ wá, lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní 1492 ni ọkọ̀ ojú omi sì gbé irú wọn kọjá òkun wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ náà ni tòmátì, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá. Kí wọ́n tó dé, ataare àti iyèré ni wọ́n fi ń mú kí ọbẹ̀ ta lẹ́nu lọ́dọ̀ wa.

Ohun tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ yìí máa ń fi gbè é lẹ́sẹ̀ kò tó nǹkan. Wọ́n rí òyìnbó kan tí ojú rẹ̀ ń ṣomi níbi ìgbéyàwó lẹ́yìn tí ó jẹ súyà, ìyẹn sì ti di òfin fún gbogbo àlejò ayé. Ará Íńdíà kò ha jẹ́ àlejò ni? Àwọn tí mo ti sè fún ní ìlú yìí, ata ni wọ́n ní kí n fi kún un. Ará Etiópíà ń jẹ ata, ará Thailand ń jẹ ẹ́ ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Kwara yìí náà ti gba àwọn àgbẹ̀ láti Zimbabwe sí Ṣóńgà, níbi tí wọ́n sì ti wá, sadza tí a fi ìyẹ̀fun àgbàdo rò ni oúnjẹ ojoojúmọ́, èyí tí kò jìnnà sí tùwó wa rárá.

Ohun tí mo ti rí pé ó máa ń dá àlejò dúró nídìí oúnjẹ wa yàtọ̀ sí ata. Èkínní, kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé a kì í rún òkèlè lẹ́nu, ńṣe ni a ń gbé e mì. Yóò máa jẹ àmàlà bí ẹni ń jẹ búrẹ́dì, yóò lẹ̀ mọ́ ọn léyín, yóò sì rò pé bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn. Èkejì ni yíyọ̀ ewédú. Ẹni tí kò jẹ ọbẹ̀ tí ó ń yọ̀ rí nílò kí a fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ fún un, kí gbẹ̀gìrì sì pọ̀ jù ú lọ nínú àwo. Lẹ́yìn náà ni ṣàkì, pọ̀nmọ́ àti eegun, tí ẹnikẹ́ni kò sọ orúkọ wọn fún un, tí ó ń fi ṣíbí yí kiri nínú ọbẹ̀ tí kò sì lè béèrè. Mo máa ń gbé omi ìfọwọ́ kalẹ̀ kí oúnjẹ tó dé, mo máa ń bu òkèlè kékeré kan níwájú wọn, mo sì máa ń dárúkọ ohun tí ó wà nínú àwo kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti mọ èyí, púpọ̀ nínú wọn ni ó máa ń béèrè òkèlè sí i.

Ẹ̀pà ni ó tún ń já mi láyà. Gbogbo ẹni tí ó ń gbé iṣẹ́ fún mi ń bẹ̀rù ata tí kì í sábà ju kí ó mú ẹnu gbóná lọ, ṣùgbọ́n wọn kì í béèrè bóyá ẹnìkan wà nínú àwọn àlejò tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà. Ẹ̀pà lè pa irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó wà nínú yájì tí a fi ń yí súyà, òun ni a fi ṣe kúlíkúlí, àwọn alásè kan sì ń fi òróró rẹ̀ dín nǹkan. Edé lílọ̀ tí wọ́n ń dà sínú ọbẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àwọn àlejò tí kì í jẹ ẹran náà wà, tí a ó gbé ẹ̀fọ́ fún tayọ̀tayọ̀, tí a ó sì gbàgbé pé omi ẹran ni a fi sè é.

N kò ní parọ́, ayamáṣe àti àsun wà tí ó jẹ́ pé bí a bá yọ ata kúrò nínú wọn, wọ́n ti di nǹkan mìíràn, àwọn kan sì wà tí inú wọn kò gba ata rárá, ì báà jẹ́ ọmọ Ìdí-Àpè ní Ìlọrin níbí. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe gbogbo oúnjẹ wa, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe gbogbo àlejò.

Oúnjẹ tí mo kọ ránṣẹ́ sí Àlhájì ni wàrà díndín àti dòdò fún ìpanu, lẹ́yìn náà àmàlà àti tùwó pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ẹran màlúù tí kò ní eegun, ọbẹ̀ tàtàsé nínú ìkòkò kan àti ọbẹ̀ rodo nínú òmíràn, pẹ̀lú orúkọ lára ìkòkò méjèèjì. Kí ó bá mi béèrè lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀ bóyá ẹnìkan wà nínú wọn tí kì í jẹ ẹ̀pà, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ata sílẹ̀ fún mi.