Kò sẹ́ni tó so oyún náà, ẹ lọ tún ọjọ́ kà

Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí wa. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọmọ àbúrò wọn ló wà nínú oyún, EDD rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ tí ilé ìwòsàn ní ó máa bí, sì ti fi ọjọ́ mẹ́rin kọjá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Màmá yìí ní ká má fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré o, pé oyún tó bá ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá fún un, ọwọ́ ayé ti wọ̀ ọ́, pé kí wọ́n tètè gbé ọmọ náà lọ síbi tí wọ́n á ti tú u sílẹ̀. Kí n tó gbọ́ ọ tán, èèyàn mẹ́sàn-án ti dáhùn "Àmín". Ẹnì kan tilẹ̀ ti ń béèrè irú èèyàn tí ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ́.

Màmá, ẹ má bínú sí mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń sọ ọ́: kò sẹ́ni tó so oyún kankan. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, mo ti gbọ́ ọ nílé àbíyè, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó kàwé jù mí lọ, ó ti sú mi.

Ẹ jẹ́ ká wo bí ọjọ́ yẹn ṣe ń dé orí káàdì ná. Dókítà kò yọjú wo inú ikùn kó tó kọ ọ́. Wọ́n á bi ọ́ pé ọjọ́ wo ni nǹkan oṣù rẹ tó gbẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ọjọ́ méje kún un, wọ́n á wá ka oṣù mẹ́sàn-án síwájú. Ó parí. Orúkọ Franz Karl Naegele ni wọ́n fi ń pe ìṣirò náà títí dòní, ará Jámánì kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́ ìgbẹ̀bí ní Heidelberg, tó sì kú ní 1851. Kò sí scan nígbà ayé rẹ̀. Ó fi ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣírò ni, ó sì gbìyànjú.

Ọjọ́ 280 ni ìṣirò náà ń lé, ìyẹn ọ̀sẹ̀ 40. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú ọjọ́ 280 yẹn, oyún kò tíì sí! Nǹkan oṣù lobìnrin náà ń ṣe lọ́wọ́. Wọ́n kàn gbà pé gbogbo obìnrin ló ń rí nǹkan oṣù ní ọjọ́ 28 síra, tí ẹyin gbogbo wọn sì ń jáde ní nǹkan bí ọjọ́ kẹrìnlá. Èmi, ọjọ́ 35 ni tèmi. Àbúrò mi obìnrin, ọjọ́ 25. Bí àwa méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù lọ́jọ́ kan náà, tá a sì lóyún tẹ̀ lé e, EDD kan náà ni wọ́n máa kọ sórí káàdì wa, bẹ́ẹ̀ oyún tirẹ̀ á ti fi nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ṣẹ̀gbọ́n tèmi. Tó bá wá di ọjọ́ tí wọ́n dá, tí òun bí, tí ikùn tèmi ṣì wà níwájú mi, ta ló so mí? Ìyá ọkọ mi náà ni, àbí?

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo ṣe nígbà oyún àkọ́bí mi. Oyún ti pé bí oṣù márùn-ún kí n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Èrò pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì, obìnrin tó wà lẹ́yìn mi ti ń pòṣé, nọ́ọ̀sì gbé bírò sókè ó ń wò mí. "Ìgbà wo lo rí nǹkan oṣù gbẹ̀yìn?" Mi ò mọ̀. Mo mọ̀ pé oṣù Kẹta ni, kò ju ìyẹn lọ. Ni mo bá gbójú sókè, mo ní, "Ọjọ́ kẹwàá, mà." Ibi tí mo ti rí ọjọ́ kẹwàá yẹn, Ọlọ́run ló mọ̀. Nọ́ọ̀sì mú páálí róbótó kan tí wọ́n fi ń ka ọjọ́ oyún, tí etí rẹ̀ ti ń já, ó yí i, ó fi ìka tẹ ojú ibì kan, ó kọ 15/12. Nígbà tí mo padà lọ lóṣù tó tẹ̀ lé e, nọ́ọ̀sì mìíràn ka oṣù lórí ìka ọwọ́ rẹ̀, ó sì kọ 17/12 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kan náà tí mo hùmọ̀ fúnra mi ni àwọn méjèèjì lò o. Páálí ń ka ọjọ́, ìka ń ka oṣù, oṣù kò sì gùn dọ́gba. Látorí irọ́ kan ṣoṣo, EDD méjì.

Oṣù Kejìlá wá dé. Ọjọ́ 15 kọjá, 17 kọjá. Àwọn ẹbí tó wálé Kérésì ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló ń bi mí pé "Ṣé o ò tíì bí ni?" bí ẹni pé mo gbé ọmọ wọn pamọ́. Alátà ọjà béèrè. Nígbà tó di ọjọ́ 22, ìyá mi kò lè gbà á mọ́ra mọ́, wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ wòlíì kan. Wòlíì ríran. Ó ní ní agboolé bàbá mi, obìnrin pupa kan ló fi okùn di ikùn mi. Ẹ bá mi ronú, agboolé wo ni kò sí obìnrin pupa? Àárọ̀ mẹ́ta ni mo fi wẹ̀ lódò tó ń ṣàn, nínú ọyẹ́, eyín mi ń gbá ara wọn, pẹ̀lú ọṣẹ tí owó rẹ̀ tó ra aṣọ ọmọ méjì. Fún gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, kò sẹ́ni tó bi mí pé, "Ṣé ọmọ ń yí nínú rẹ?" Kò sẹ́ni tó gbé etí lé ikùn. Ohun tó ń bí mi nínú títí dòní nìyẹn. Mo ti gbàgbé owó ọṣẹ.

Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé lẹ́yìnkùlé wa, ló rí mi láàárọ̀ ọjọ́ Kérésì tó kígbe. Ilé ìwòsàn ló ní ká kọrí sí. Wọ́n gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù, wọ́n fi scan wo bí omi tó yí ọmọ ká ṣe pọ̀ tó, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí wá tọwọ́ bọ̀ mí, ó rọra fi ìka ya awọ omi kúrò létí ẹnu ilé ọmọ. Kò dùn, mi ò ní purọ́ fún yín. Lálẹ́ ìrọbí mú mi. Nígbà tí àkùkọ máa kọ ní ọjọ́ 26, tọmọ tibi ti sọ̀.

Agbẹ̀bí gbé ọmọ sókè síbi iná, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní, "Ta ló ní ọmọ yìí pẹ́?" Ó fi hàn mí. Nínú abíyá rẹ̀ àti ní kọ̀rọ̀ itan, ọ̀rá funfun kan wà níbẹ̀, ó nípọn bí ìgbà tí èèyàn fi òrí pa á. Èékánná rẹ̀ kò tíì yọ kọjá orí ìka. Ara rẹ̀ ń dán. Ó ní ọmọ tó bá pẹ́ nínú lóòótọ́, ọ̀rá yẹn á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lára rẹ̀, awọ ara rẹ̀ á gbẹ, á máa bó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀, èékánná rẹ̀ á gùn. Ọmọ mi kò pẹ́ níbì kankan. Ẹnu èmi tó sọ ọjọ́ kẹwàá ló yá.

Ẹ má tìtorí ìtàn tèmi nìkan gbà. Ní 2013, ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí obìnrin 125. Nígbà tí wọ́n ń wá oyún ni àwọn obìnrin náà ti ń tọ́jú ìtọ̀ òwúrọ̀ wọn lójoojúmọ́ fún àyẹ̀wò, nítorí náà wọ́n mọ ọjọ́ tí ẹyin jáde gan-an. Kò sí pé ẹnì kan gbójú sókè mú ọjọ́ kẹwàá. Bí wọ́n ṣe mọ ìbẹ̀rẹ̀ dáadáa tó yìí, nígbà tí wọ́n yọ àwọn tí oṣù wọn kò pé kúrò, ìyàtọ̀ tó wà láàárín oyún tó kúrú jù àti èyí tó gùn jù ṣì jẹ́ ọjọ́ 37. Ó ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ! Oyún kò rí bí ẹ̀wà tá a gbé kaná tá a mọ ìgbà tó máa jinná. Nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ, bóyá mẹ́rin tàbí márùn-ún ló ń bọ́ sí orí ọjọ́ tí wọ́n kọ sí káàdì gẹ́lẹ́. Àwọn tó kù ńkọ́, ṣé àwọn tó ṣáájú ni ayé tú, tí ayé sì so àwọn tó tẹ̀ lé e?

Ohun tó tún ń yà mí lẹ́nu ni pé àwa Yorùbá ni ó yẹ kó mọ èyí jù. Ẹ ka orúkọ àmútọ̀runwá. Ìgè wà níbẹ̀ fún ẹni tó mú ẹsẹ̀ wáyé, Òjó àti Àìná fún ẹni tó gbé ìwọ́ kọ́rùn, Dàda fún onírun. Ọmọ́pẹ́ ńkọ́? Ọmọ tó pẹ́ nínú ìyá rẹ̀ ni. Àwọn àgbà rí i, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ìlọ̀rí náà wà níbẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò rí nǹkan oṣù kó tó lóyún rẹ̀. Ìyá ṣì ń fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́mú, kó tó mọ̀, oyún ti dúró. Ẹ wá gbé Naegele síwájú ìyá Ìlọ̀rí, ibo ló ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà? Àwọn tó bí wa mọ̀ pé ọmọ lè pẹ́, wọ́n sì mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ oyún lè ṣókùnkùn. Àwa tá a ní káàdì ni ojú ń kán.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. Ẹ fẹ́ sọ pé wọ́n gbàdúrà fún Ìyá Lágbájá, ó sì bí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àádọ́ta nínú irú rẹ̀ ni mo ti gbọ́. Obìnrin tí oyún rẹ̀ ti lé ní ọ̀sẹ̀ 40, tẹ́ ẹ bá gbé àga síwájú rẹ̀ tẹ́ ẹ kàn ń wò ó, láìpẹ́ á rọbí lójú yín. Ti oyún ọdún mẹ́ta, ẹ gbà mí lọ́wọ́ ìyẹn. Ẹ ní kí aláìsàn lọ ya scan, kí wọ́n wò ó bóyá fáíbírọ́ọ̀dù ló wà níbẹ̀. Ó dáa, mo gbà pé ọmọkùnrin a máa pẹ́ ju obìnrin lọ díẹ̀, àkọ́bí náà a máa pẹ́ díẹ̀, dókítà pàápàá kò sì tíì lè sọ gbogbo ohun tó ń mú ikùn rọbí lọ́jọ́ tó rọbí. Ìyẹn kò sọ ọ́ di iṣẹ́ obìnrin pupa.

Àdúrà kò burú, èmi náà ń gbà á. Ibi tó ti ń bà mí lẹ́rù ni pé oyún tó pẹ́ lóòótọ́ wà, kì í sì í ṣe nǹkan àmúṣeré. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ 41 tó ń lọ sí 42, ibi ọmọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀, omi lè dín kù, ọmọ lè ya ìgbẹ́ sínú kó sì fà á símú. Ní orílẹ̀-èdè Sweden, wọ́n pín obìnrin 2,760 sí méjì: wọ́n fún àwọn kan ní ohun tó ń mú ìrọbí wá ní ọ̀sẹ̀ 41, wọ́n ní kí àwọn yòókù dúró títí di 42. Wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró kó tó parí, nítorí ọmọ mẹ́fà ti kú lọ́dọ̀ àwọn tó ń dúró, kò sí ìkankan lọ́dọ̀ àwọn tí kò dúró. Ní 2019 ni wọ́n gbé e jáde. Kí ìwádìí yẹn tó jáde pàápàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n mú ìrọbí wá fún ẹni tó bá dájú pé ó ti pé ọ̀sẹ̀ 41. Ẹ kíyè sí "dájú pé", torí scan tí obìnrin bá yà ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń mú un dájú. Ti ìparí oyún lè fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàn yín. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́bàá odò nírú àsìkò yẹn, ọjọ́ mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù ni.

Mo pe ọmọ àbúrò Màmá náà lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ó ti sunkún. Mo bi í bóyá ọmọ ń ta, ó ní kò jẹ́ kí òun sùn. Mo bi í bóyá ó ya scan ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹẹ̀kan, nígbà tó pé ọ̀sẹ̀ 11, ìwé rẹ̀ ṣì wà nínú báàgì òun. Mo ní kó yọ ọ́ kó kà á sí mi létí. Ọjọ́ tó wà lórí ìwé yẹn fi ọjọ́ mẹ́jọ lé sí ti káàdì. Kò sẹ́ni tó fi méjèèjì wéra látìgbà náà. Nígbà tó gbé e lọ fún dókítà lọ́jọ́ Ajé, wọ́n fa ìlà sí ọjọ́ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ tuntun sí i. Ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé rárá.

Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sórí WhatsApp ẹbí. Màmá kọ́kọ́ dákẹ́ fún wákàtí méjì. Wọ́n wá fi ohùn ránṣẹ́, ti ìṣẹ́jú kan péré lọ́tẹ̀ yìí: wọ́n ní kò burú, àwọn ti gbọ́, wọ́n ṣeun, kí ọmọ náà ṣáà má jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹnikẹ́ni má sì ré e kọjá.