Ẹ Fi Yorùbá Ṣàlàyé Ọ̀rọ̀ Ojú Ọ̀run Yìí

Ní Ọjà Odò-Ogbè, Ilé-Ifẹ̀, ìyá kan tó ń ta ata gbé fóònù rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá tòmátì, ó ní ká wá gbọ́ ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun lórí WhatsApp. Ọkùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀, Yorùbá rẹ̀ dán, ohùn rẹ̀ balẹ̀. Ó ní àwọn òyìnbó ti dáná sí ojú ọ̀run ní Alaska, pé iná náà ló ń lé òjò wa lọ, òun náà ló mi ilẹ̀ Tọ́kì lọ́dún 2023. Gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká ló ti gbọ́ ọ. Kò sí èyí tó tíì gbọ́ èsì kankan lédè tí wọ́n fi ń nájà.

Ohun tó dùn wá nìyẹn, nítorí ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Ibùdó kan wà ní Gakona, ní Alaska, HAARP lorúkọ rẹ̀. Áńtẹ́nà 180 ló dúró níbẹ̀ lórí ilẹ̀ éékà 33, agbára tí wọ́n lè tú sókè sì tó mílíọ̀nù wáàtì 3.6. Owó àwọn ológun Amẹ́ríkà ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ọdún 2015 ló tó bọ́ sọ́wọ́ Yunifásítì Alaska Fairbanks. Ẹni tó bá fura sí ohun tí sójà kọ́ kò ṣẹ̀. Wọ́n sì ń mú nǹkan gbóná lókè lóòótọ́.

Ẹni tó ní rédíò àtijọ́ nílé ti mọ nǹkan tí wọ́n ń mú gbóná yìí, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́sàn-án, ẹ ó yí i títí, ẹ ò ní bá ibùdó ọ̀nà jíjìn pàdé. Bílẹ̀ bá ṣú, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti òkèèrè. Ìpele kan ló wà ní nǹkan bíi kìlómítà 60 sí 90 lókè orí wa tí agbára oòrùn ń dá sílẹ̀, tó ń gbé ìgbì rédíò mì. Tóòrùn bá wọ̀, ó tú ká, ìpele tó ga jù ú lọ á sì dá ìgbì náà padà wá bá wa. Ionosphere ni àwọn onímọ̀ ń pe àpapọ̀ wọn.

Lápá àríwá ayé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé ti ń jó lójú ọ̀run òru, agbára iná ńlá kan ń ṣàn gba ibẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ta ìgbì rédíò lù ú, ibẹ̀ á gbóná. Bí wọ́n bá dáwọ́ dúró, á tutù wéré. Bó ṣe ń gbóná tó ń tutù, bẹ́ẹ̀ náà ni iná tó ń ṣàn níbẹ̀ ń yí padà. Tí wọ́n bá ń tan ẹ̀rọ náà tí wọ́n ń pa á ní ìgbà ẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ọ̀run fúnra rẹ̀ á di áńtẹ́nà, á máa ta ìgbì tó ń mì ní ìgbà ẹgbẹ̀rún. Àwọn onímọ̀ ìlú Gorky ní Rọ́ṣíà ti ṣe é lọ́dún 1974. Àwọn tó wà ní Tromsø, ní Nọ́wè, náà ṣe é.

Ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ló fà á: wọ́n ń wá ìgbì tí wọ́n lè fi ránṣẹ́ sí i nísàlẹ̀ òkun. Omi òkun kì í jẹ́ kí ìgbì rédíò lásán wọlé, àfi èyí tó ń mì jẹ́jẹ́. Wáyà tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà nà sí Wisconsin àti Michigan, tí wọ́n lò títí di 2004, ń mì ní ìgbà 76 péré ní ìṣẹ́jú àáyá. Ìgbì rẹ̀ kan ṣoṣo gùn ju láti Ifẹ̀ dé Káírò lọ. Èèyàn ò lè kọ́ áńtẹ́nà tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yá ti ojú ọ̀run lò.

Nínú gbogbo mílíọ̀nù wáàtì yẹn, ìwọ̀nba wáàtì díẹ̀ ló ń padà jáde bí ìgbì jẹ́jẹ́ náà. Mọ̀nàmọ́ná tó ń kọ lórí Iléṣà lásìkò òjò ń ta irú ìgbì yìí kan náà: mọ̀nàmọ́ná náà ló ń ṣe kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ nínú rédíò. Ìkùukùu òjò wa kì í sì í ga tó 20 kìlómítà. Ooru tí wọ́n ń fà lókè réré yẹn kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ìsàlẹ̀ ilẹ̀.

Ta ló yẹ kó ti sọ èyí fún ìyá aláta? Ifẹ̀ ni. Láti 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfuurufú fún àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ sọ fún wa pé Yorùbá ò gba sáyẹ́ǹsì. Ní 1970, yunifásítì yìí kan náà, lábẹ́ Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Mọ̀dákẹ́kẹ́ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò fún ọdún mẹ́fà gbáko. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè kò wọ́n. Kí yunifásítì yan onímọ̀ tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, kí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò Ifẹ̀ àti Iléṣà fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì ṣí fóònù sílẹ̀ fún ìbéèrè. Ohùn WhatsApp yẹn kì í gba ìbéèrè.

Nǹkan wà tí wọ́n máa sọ tó kàn wá ju Alaska lọ. Ìlà agbedeméjì òòfà ilé ayé gba ilẹ̀ Nàìjíríà kọjá, agbára iná mìíràn sì ń ṣàn lókè ibẹ̀ lójoojúmọ́, ní nǹkan bíi 100 kìlómítà. Lẹ́yìn tóòrùn bá wọ̀, ìdàrúdàpọ̀ inú ionosphere níhìn-ín máa ń da GPS, èyí tí fóònù fi ń mọ ibi tí a wà, láàmú. Àwọn onímọ̀ wa ń kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì sínú ìwé tí kì í dé ọjà.

A sọ ìyẹn fún ìyá aláta náà. Ó pa fóònù rẹ̀, ó wo òkè, ó ní: "Èyí tó wà lórí tiwa ńkọ́, ta ló ń bá wa ṣọ́ ọ?"