Ìwọ̀n Ló Yẹ Kó Ṣáájú Ẹ̀rọ Núkílíà

Ìjọba àpapọ̀ kò tíì jáwọ́ nínú èrò àtifi núkílíà pèsè iná mànàmáná. Wọ́n ti bá Rosatom, ilé iṣẹ́ ìjọba Rọ́ṣíà, tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, wọ́n sì ti dárúkọ Geregu ní ìpínlẹ̀ Kogi àti Itu ní Akwa Ibom pé ibẹ̀ làwọn fẹ́ kọ́ ọ sí. A kò lòdì sí i. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn, tí ariwo jẹnẹrétọ̀ kì í jẹ́ kó sùn, ì báà ṣe ní Mọ́kọ́lá, ì báà ṣe ní Challenge, kò ní sọ pé òun ò fẹ́ iná. Ohun tí a ń sọ ni pé owó ìwọ̀n gbọ́dọ̀ ṣáájú owó ẹ̀rọ, Ìbàdàn yìí ló sì yẹ kí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí là ń wọ̀n? Àfọ́kù uranium ni. Bí neutron, ẹyọ bíńtín kan tó máa ń wà nínú átọ́ọ̀mù, bá kọlu átọ́ọ̀mù uranium-235, irin tí wọ́n fi ń dáná ẹ̀rọ núkílíà, uranium náà á là. Kì í là dọ́gbadọ́gba bí obì gbànja. Àfọ́kù kan á tóbi, èkejì á kéré, àwọn méjèèjì á sì fò jáde pẹ̀lú eré tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Eré yẹn ló ń di ooru, ooru náà ló ń se omi títí oru rẹ̀ á fi yí ẹ̀rọ iná. Bí uranium kan ṣe là kọ́ ni èkejì rẹ̀ yóò ṣe là. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bá là, bíi mẹ́fà ni yóò di caesium-137, tó máa ń tú ìtànṣán (radiation) jáde fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbẹ̀yìn, bíi mẹ́fà mìíràn ni yóò mú molybdenum-99 wá. Láti 1938 tí Otto Hahn àti Fritz Strassmann ti bá barium pàdé nínú uranium ní Berlin ni wọ́n ti ń ka àwọn àfọ́kù yìí, wọn ò sì tíì kà wọ́n tán.

Ìdí tí wọn ò fi tíì kà wọ́n tán ni pé neutron tó rọra ń rìn ni wọ́n fi ṣe èyí tó dájú jù nínú ìwọ̀n náà. Àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé tí wọ́n ń yàwòrán wọn báyìí, àwọn kan ń lo neutron asáré, àwọn kan ń yọ́ uranium mọ́ iyọ̀, àwọn kan fẹ́ lo thorium, irin mìíràn bíi uranium. Bí eré neutron bá yí padà, iye àfọ́kù kọ̀ọ̀kan náà á yí padà. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lákọ̀tun ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á fi uranium pa ojú awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nítorí àfọ́kù kì í rìn ju bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà lọ nínú ohun líle kó tó dúró. Wọ́n á jẹ́ kó fò gba inú ọ̀pá tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, wọ́n á ka àkókò rẹ̀, lẹ́yìn náà á kó sínú àpótí gáàsì tí yóò gba agbára rẹ̀ tán. Eré àti agbára náà ni wọ́n fi ń ṣírò bó ṣe wúwo tó.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lásán nìyí, kó wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fukushima lọ́dún 2011. Ilẹ̀ mì tìtì, àwọn ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ dúró bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn àfọ́kù tó wà nínú wọn kò dúró. Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ̀rọ bá ṣíwọ́, ooru àfọ́kù nìkan ṣì tó ìdá mẹ́fà tàbí méje nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀. Omi òkun gbá iná lọ, kò sí ohun tí yóò fa omi tútù wọlé, uranium inú ẹ̀rọ mẹ́ta sì yọ́. Ní Hanford ní Amẹ́ríkà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1944, xenon-135, gáàsì kan tó ti ara àfọ́kù wá, gbé neutron tó yẹ kó máa la uranium mì títí ẹ̀rọ ńlá fi kú fúnra rẹ̀. Nàìjíríà wa yìí, níbi tí iná orílẹ̀-èdè ti ń dákú lemọ́lemọ́, ta ni yóò ṣírò ooru yẹn fún wa? Ṣé ẹni tó tajà náà ni yóò tún wọ̀n ọ́n?

Ìbàdàn kì í ṣe àlejò nínú iṣẹ́ yìí. Nígbà tí Faransé yin bọ́ǹbù núkílíà àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Reggane, nínú aṣálẹ̀ Sàhárà, ní oṣù kejì ọdún 1960, àfọ́kù ló ń bọ̀ nínú atẹ́gùn. Ìjọba Tafawa Balewa lé aṣojú Faransé kúrò nílùú ní oṣù kìíní ọdún 1961. Ẹ̀ka fíṣíìsì Yunifásítì Ìbàdàn ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ ìṣọ́ ìtànṣán ìjọba àpapọ̀ kalẹ̀ sí. Arọ́pò rẹ̀, National Institute of Radiation Protection and Research, tó wà lábẹ́ NNRA, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ núkílíà ní Nàìjíríà, ṣì wà ní Ìbàdàn. Ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ìbàdàn, ńkọ́? Technetium-99m, tí ẹ̀ka ìṣègùn núkílíà fi ń yẹ egungun àti kíndìnrín wò, ọmọ molybdenum-99 ni. Òkè òkun ló ti ń wá, ìdajì molybdenum náà sì ń lọ láàrin wákàtí 66. Bí àpótí rẹ̀ bá fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó sí pápákọ̀ òfurufú, ó ti ju ìdajì lọ tó ṣòfò, aláìsàn sì wà nílé tó ń retí àyẹ̀wò.

Ohun tó dùn wá ni pé a ní ènìyàn, a ò ní iná. Ẹ̀rọ germanium tó ń dá ìtànṣán caesium mọ̀ yàtọ̀ sí ti òmíràn gbọ́dọ̀ tutù tó bíi 196 ìsàlẹ̀ òdo, nitrogen olómi ni wọ́n sábà fi ń mú un tutù. Bí nitrogen bá tán, tí iná sì lọ, iṣẹ́ dúró nìyẹn. A tún ní ẹ̀rọ núkílíà kékeré ìwádìí, NIRR-1, ní Zaria láti 2004. Ibẹ̀ ni wọ́n lè ti fi neutron lu uranium, kí wọ́n wọn àfọ́kù tí ẹ̀mí rẹ̀ kúrú, kí èyí tí ẹ̀mí rẹ̀ gùn máa bọ̀ ní Ìbàdàn.

Àwọn kan yóò sọ pé ìwọ̀n àwọn òyìnbó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Òótọ́ ni, ká lò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò fọwọ́ ara rẹ̀ wọn nǹkan rí, kò lè mọ ibi tí ìwọ̀n ẹlòmíràn ti kù díẹ̀ káàtó, àjọ NNRA kò sì lè bi Rosatom tàbí ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè tó múná.

Nítorí náà, kí ìjọba àpapọ̀ fi iná oòrùn tó dá dúró àti ẹ̀rọ nitrogen sí yàrá ìwọ̀n ní Ìbàdàn. Kí wọ́n máa rán àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́n lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn àfọ́kù, kí owó oṣù tó jọjú sì máa dúró dè wọ́n nílé kí wọ́n má bàa jápa. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ wọn ni kí wọ́n wọn ìtànṣán inú erùpẹ̀, omi àti ẹja Geregu àti Itu, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo ayé kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Caesium ọdún 1960 ṣì ku ju ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ lọ nínú ilẹ̀. Bí a kò bá kọ iye tó wà níbẹ̀ sílẹ̀ báyìí, lọ́jọ́ tí ará Itu bá ní ẹ̀rọ ti ba odò òun jẹ́, kò sí adájọ́ tó lè mọ̀ bóyá òótọ́ ló sọ.