Kì í ṣe ẹ̀rù nìkan

Àwọn kan gbà pé ẹ̀rù ló ń jẹ́ kí ọ̀tayò chess lásán fìdí rẹmi nígbà tí ọ̀gá kan bá ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn ta á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí pátákó bá jẹ́ 30, tí ọ̀gá ń lo ìṣẹ́jú àáyá 10 nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ ní bí ìṣẹ́jú 5 láti ronú kó tó yí dé ọ̀dọ̀ yín. Bó bá wá ku pátákó 5, kò ní í tó ìṣẹ́jú kan tó fi máa padà dé, bẹ́ẹ̀ òfin ni pé kí ẹ ta ní kété tó bá dúró síwájú yín. Ibẹ̀ gan-an ni ayò tó ti ń dùn ti ń bàjẹ́. Níbi tí wọ́n bá ti gbà kéèyàn ní kí ọ̀gá ṣì kọjá láìtíì ta, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ má fi í ṣòfò níbẹ̀rẹ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ de ìparí.

Àwọn míì á máa fi ayaba pa ayaba, kí rúùkù (ọmọ ayò tó dà bí ilé ìṣọ́) pa rúùkù, pé kí ọ̀mì lè tètè dé. Wọ́n ń tan ara wọn ni! Ìgbà tí ọmọ ayò ò bá pọ̀ mọ́ lórí pátákó gan-an ni ọwọ́ ọ̀gá máa ń dán jù. Ojú ayò tó díjú ló ń dà á láàmú, torí ó gbọ́dọ̀ dúró ṣírò nígbà tí àwọn yòókù ń retí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dá rúkèrúdò sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ fi rúùkù dáàbò bo ọba yín.

Ẹ wo Capablanca, ọmọ Cuba tó jẹ́ ọ̀gá àgbáyé nídìí chess nígbà náà: ó bá èèyàn 103 ta á lẹ́ẹ̀kan náà ní Cleveland, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lọ́dún 1922. Ó na 102, ẹnì kan ṣoṣo ló bá a ta ọ̀mì.